Mo fẹ́ sọ Coaster àtijọ́ di ilé tí a ó máa gbé, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ilé_Onítáyà

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ kà á tán ná. Coaster kan wà tó jẹ́ ti bàbá mi, òun ni wọ́n fi ń na Ìbàdàn sí Ìlọrin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti wà lójú kan lẹ́yìn ilé wọn ní Olódó, koríko ti hù dé fèrèsé, adìẹ ń yé sábẹ́ ìjókòó dírẹ́bà. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ àmọ́ bọ́dì ẹ̀ ṣì dáa lójú tèmi. Mo dẹ̀ ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ́nà Àkàǹrán, ó ti pẹ́ tí mo ti ra ilẹ̀ yẹn, owó tí mo máa fi kọ́lé ni ò sí, síméńtì ò ṣeé sún mọ́. Láńlọ́ọ̀dù wa sì ti kọ lẹ́tà pé tí owó tí a san bá ti parí, ìlọ́po méjì la ó máa san. Kéèyàn ní òun fẹ́ kó lọ síbòmíì báyìí, owó ẹ́jẹ́ǹtì, owó agírímẹ́ǹtì, owó kọ́ṣọ̀n, kí ẹ tó débi owó ilé gan-an orí ti ń fọ́ yín.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n wọ́ bọ́ọ̀sì yẹn lọ sórí ilẹ̀ mi, kí n yọ ìjókòó ẹ̀, kí n ṣe bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì kékeré, iná sólà, kí èmi àti ìyàwó mi àti ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́ta máa gbé e títí tá a máa fi rí owó gbé fáńdéṣọ̀n sókè. Mo ti wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbénú RV wọn, ìyẹn mọ́tò tí wọ́n ṣe bí ilé, títí, ó wù mí gan-an ni. Ìyàwó mi ní ṣé òun tí mo fi iṣu méjìlélógójì fẹ́ ni mo fẹ́ lọ kó sínú dáńfó. Mo ní Coaster kọ́ ni dáńfó. Ó ní kí n má sọ gírámà fún òun.

Mo ti bá wọn dúnàádúrà PVC tí mo fẹ́ fi ṣe sílíǹgì àti wọ́ọ̀lùpépà ní Gbági, mo ti san díẹ̀ sílẹ̀. Kí ló kù tí mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Panẹbítà_Gate

Ọ̀gá mi, ẹ lọ gba owó yín padà lọ́wọ́ oní-PVC. Agodi Gate ni mo ti kọ́ṣẹ́, Coaster tí mo ti tú palẹ̀ ò lóǹkà. Mọ́tò tó bá ti dúró sójú kan fọ́dún mẹ́fà, etí lèèyàn fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ojú. Ẹ mú hámà kékeré kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ẹ máa rọra kàn án lọ sẹ́yìn. Ibi tó bá dún gan, gan, gan bí agogo, irin ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá dún pàkù pàkù bí igbá tó ti sán, ọ́ọ́dà nìkan ló ń dì í mú, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ibi tí wọ́n sábà máa ń jẹrà sí ni abẹ́ rọ́bà fèrèsé, orí táyà ẹ̀yìn, ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àti gbogbo ilẹ̀ tí pákó wà lórí ẹ̀ tí káápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tún wà lórí pákó. Ẹ ká káápẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò. Ẹ ká a kúrò o, mo tún un sọ. Omi tó bá wọlé láti orí kì í dúró lórí, ó máa bá ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, abẹ́ pákó ló máa lọ sùn sí, ibẹ̀ ló ti máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ tí ẹnì kankan ò ní mọ̀.

Ibi tó bá ti jẹrà, kí wọ́n gé e dànù, kí wọ́n jó páálí irin tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n lọ̀ ọ́ dán, kí wọ́n kun red oxide, ìyẹn ọ́ọ́dà pupa tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kí wọ́n tó kun ọ́ọ́dà gan-an. Ẹni tó bá ní òun máa fi body filler, àtè tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, dí i fún yín, ẹ sọ pé ó dàárọ̀. Tí wẹ́dà bá sì dé, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ fa epo inú tánkì dànù, ẹ kó gbogbo fóòmù jáde, kí omi àti yẹ̀pẹ̀ wà nítòsí. Mo ti rí bọ́ọ̀sì tó jóná torí fóòmù ìjókòó kan ṣoṣo tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn.

Kí ẹ tó kan sílíǹgì kankan, ẹ gbé họ́ọ̀sì sórí òrùlé ẹ̀, kí omi máa ṣàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá fi PVC bo ibi tó ń jò, ẹ ò ní mọ̀ títí bẹ́ẹ̀dì yín á fi hu olú.

Kóńdẹ́mù_Lódára

Ẹ má bínú o, èmi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀. Ẹ tà á fáwọn tó ń ra irin kóńdẹ́mù, ẹ fowó ẹ̀ mọ bùlọ́ọ̀kù, yàrá kan ṣoṣo tó ní páànù lórí sàn ju mọ́tò lọ. Owó tí wẹ́dà máa gbà lọ́wọ́ yín nìkan á fẹ́ẹ̀ rí bùlọ́ọ̀kù rà. Ẹ tún wá ronú nípa àwọn ọmọ onílẹ̀, ṣé ẹ rò pé wọ́n á rí bọ́ọ̀sì tó ń wọlé tí wọ́n á kàn máa wò ni? Wọ́n á ní kẹ́ ẹ san owó páákì.

Ilé_Onítáyà

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ò burú, mo ti ṣírò ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ yàrá kan, fáńdéṣọ̀n nìkan á gbé owó kóńdẹ́mù yẹn mì, mi ò ní débi páànù. Bọ́ọ̀sì ti ní òrùlé, ó ti ní ògiri, ó ti ní fèrèsé. Tí mo bá sì kọ́lé tán mo lè sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ti ọmọ onílẹ̀ yẹn ṣá, mo ti san ti fáńdéṣọ̀n fún wọn lọ́jọ́ tí mo ralẹ̀, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, a jọ máa kà á ni.

Panẹbítà, ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ ká káápẹ́ẹ̀tì yẹn láàárọ̀ yìí. Mo máa padà wá ròyìn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun ná, inú mi ò dùn.

Ìyá_Kárávàànù

Ẹ gbé fóònù fún ìyàwó yín kó ka èyí. Àǹtí mi, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi gbénú kárávàànù fún oṣù mẹ́rìnlá, kárávàànù ọ̀hún kọ́ńpìnnì títì kan ló tà á nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́. Wọn ò sọ òótọ́ fún wa nípa ooru. Ọ̀sán oṣù kejì ọdún, mo gbé àbẹ́là sórí kọ́bọ́ọ̀dù torí NẸ́PÀ, nígbà tí mo fi máa ti ọjà Bódìjà dé, àbẹ́là ti tẹ orí ba bí ẹni tó ń kírun, iná ò sì kàn án rárá o. Inú ibẹ̀ la ti ń fọmọ sùn lọ́sàn-án.

Ohun tó gbà wá ni àtíbàbà. A ri òpó irin mẹ́fà, a fi páànù bò ó lórí kárávàànù lódindi, àlàfo tó wà láàárín páànù àti òrùlé kárávàànù tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kejì gan-an la ti mọ̀ pé nkan ti yàtọ̀. Òjò náà ò wá fi taratara lu òrùlé ẹ̀ mọ́, a gbé gọ́tà sí i, a ń gbe omi. Kẹ́ ẹ wá kun òrùlé bọ́ọ̀sì náà ní funfun, kẹ́ ẹ to fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifísọ̀n sáàárín egungun ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe sílíǹgì. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò ní Amẹ́ríkà yẹn, òtútù ni púpọ̀ nínú wọn ń bá jà, tiwa kọ́ nìyẹn. Wọ́n dẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń wa RV lọ láti lọ da omi ìgbọ̀nsẹ̀ nù, wọ́n á ki páìpù bọ ihò, ó tán. Ta ló máa bá yín gbà á lọ́nà Àkàǹrán? Torí náà ẹ má gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì rárá. Ilẹ̀ yín ni, ẹ gbẹ́ sọ̀kàwéè, ẹ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní bùlọ́ọ̀kù, tẹ́ ẹ bá wá kọ́lé tán ẹ ṣì máa lò ó. Àǹtí mi, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe àdéhùn: kò sí balùwẹ̀, ẹ ò kó lọ.

Ìdáná náà, abẹ́ àtíbàbà níta ni. Tí ẹ bá fi dandan lé e pé inú lẹ fẹ́, kí sílíńdà wà níta, torí gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò ilẹ̀ ló máa sùn sí, kẹ́ ẹ dá ihò afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, kì í ṣe òkè nìkan. Ìyá ọkọ mi wá kí wa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sùn mọ́jú, wọ́n ní àwọn ti rí yàrá tó há ju èyí lọ ní Bẹẹrẹ.

Réwáyà_Òjóò

Ẹ jẹ́ n bá yín ṣírò iná. Bátìrì 12 volts, 200Ah kan, 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400 watt-hour, ìyẹn ìwọ̀n iná tó wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ẹ má lò ju ìdajì ẹ̀ lọ, 1,200 nìyẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pẹ́ kú. Fáànù DC 20 watts fún wákàtí 10, 200. Gílóòbù 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5 watts fún wákàtí 5, 100. Láptọ́ọ̀pù 60 watts fún wákàtí 5, 300. Fóònù àti nkan kéékèèké 50. Gbogbo ẹ̀ 650, bátìrì kan gbé e. Áyọ́ọ̀nù aṣọ tó jẹ́ 1,000 watts, wákàtí kan péré ó ti fẹ́ẹ̀ jẹ oúnjẹ gbogbo ilé tán, ẹ máa gbé aṣọ yín lọ fún alágbàfọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì 300 watts kan á ṣe é ní ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ láàárín July sí August ojú ọ̀run Ìbàdàn máa ń dì bí ẹni fi àpò bò ó, ẹ fi ìkejì kún un. Orí àtíbàbà tí ìyá yẹn sọ ni kẹ́ ẹ gbé wọn sí, kẹ́ ẹ má lọ lu ihò sórí òrùlé bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dí.

Irin ni gbogbo ilé yín, ẹ má gbàgbé. Kí fíúsì wà nítòsí orí bátìrì gan-an, ibi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá kí rọ́bà wà níbẹ̀, torí ẹnu irin á máa họ ọ́ títí yóò fi kàn án. Tẹ́ ẹ bá máa fa NẸ́PÀ wọlé, ẹ rí i pé bọ́dì ẹ̀ ní earth, wáyà tó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀, tó wọlẹ̀ dáadáa, kí RCD, ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra ẹ̀ tí iná bá ń jò, sì wà níbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù ló máa sọ ohun tójú ẹ̀ rí. Ẹ má ra ẹ̀rọ tí wọ́n yọ lára RV Amẹ́ríkà ní tòkunbọ̀ láìwo ẹ̀yìn ẹ̀, 120 volts niná tiwọn, 230 ni tiwa. Bátìrì kì í sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o, gáàsì ń jáde lára ti olómi tó bá ń jẹ iná, inú àpótí tó ní afẹ́fẹ́ ni. Kẹ́ ẹ dẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ìlú wa ni wọ́n ń kì ní níbi olè gbé ń jàre olóhun 😂

Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà pátápátá. Èéfín tó ń pani nínú ẹ̀ ò ní òórùn.

Alàgbà_Mọ́níyà

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Kí ẹ tó wọ́ ọkọ̀ yẹn débẹ̀, ẹ lọ dúró sórí ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Mo wà ní Ìbàdàn ní 31 August 1980 tí odò Ògùnpa ya, mo fojú ara mi rí i bí omi ṣe ń gbé mọ́tò lọ bí ẹni gbé páálí. 26 August 2011 ó tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn. Tí ibẹ̀ bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gbé e sápá òkè.

Ẹ má fi sílẹ̀ kó dúró lórí táyà. Ẹ mọ kọ́nkéré sábẹ́ férémù ẹ̀ níbi mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọ̀n ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ẹ̀ nígbà tó bá wà lórí jáàkì nìkan, ọmọ mi, mo bẹ̀ yín.

Ilé_Onítáyà

Ẹ ṣeun bàbá, ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìròyìn rèé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lábẹ́ káápẹ́ẹ̀tì, pákó ti di bí ẹ̀kọ tútù, mo fi sukudiráfà tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìjókòó kẹta báyìí, ó wọlé wẹ́rẹ́, nígbà tí mo fà á yọ mo rí koríko nísàlẹ̀, adìẹ kan dẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé òrùlé tí mò ń bẹ̀rù dáa, ibi méjì péré ló ń jò, ọ̀kan níbi ihò afẹ́fẹ́ òkè, ìkejì níbi tí bàbá mi so irin ẹrù mọ́. Wẹ́dà ti gé ilẹ̀ ẹ̀yìn, ó ti jó tuntun sí i, mo fọwọ́ ara mi kun red oxide ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oní-PVC ò dá owó mi padà, ó ní òun á bá mi tọ́jú ẹ̀.

Ìyàwó mi ka ọ̀rọ̀ Ìyá Kárávàànù, ó ní kí n gbẹ́ sọ̀kàwéè kí n tó bá òun sọ nkan mìíì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ó tẹ̀ lé mi lọ sí Olódó lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó sẹ́yìn fúngbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà, kò sọ nkan kan. Ọmọ wa ló bá wàhálà dé. Ó gun ìjókòó dírẹ́bà, ó di sítíárìn mú, ó ń pe èrò Ìlọrin, a ò rí i gbé kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mẹkáníìkì kan fẹ́ ra ẹ́ńjìnì àti gíá bọ́ọ̀sì yẹn, owó ẹ̀ á ra bátìrì àti páńẹ́ẹ̀lì kan. Ṣé wọ́n lè yọ ẹ́ńjìnì kí sítíárìn ṣì wà níbẹ̀?

Panẹbítà_Gate

Wọ́n lè yọ ọ́, sítíárìn ò ní ṣe nkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wọ́ bọ́ọ̀sì dórí ilẹ̀ ná kí wọ́n tó yọ ọ́, ẹ dẹ̀ kan àwo irin bo ihò tó bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eku àti ejò ló máa kọ́kọ́ kó wọlé. Kí wọ́n yọ wáyà họ́ọ̀nù o, bí ẹ bá fẹ́ sùn.