Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kìíní, oòrùn ọjọ́ kẹrin: báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́?

Olùkọ́ Físíìsì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Bíbélì nínú ìjọ wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, físíìsì ni mo fi ń jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì láìjẹ́ kí wọ́n pàdé. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n pàdé.

Jẹ́nẹ́sísì la bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ kìíní ni Ọlọ́run dá ìmọ́lẹ̀, ọjọ́ kẹrin ló dá oòrùn. Kí ni wọ́n fi mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú, pé ilẹ̀ mọ́, lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́?" Òmíràn gbà á lẹ́nu ẹ̀, ó ní igi eléso ti ń so lọ́jọ́ kẹta nígbà tí oòrùn ò tíì sí. Ẹnì kẹta, tí èmi náà ń kọ́ nílé ìwé, wá pọ̀n ọ́n lójú: ṣé ọdún 6,000 ni mo gbà gbọ́ pé àgbáálá ayé ti wà, àbí bílíọ̀nù 13.8 tí mo fọwọ́ ara mi kọ sójú pátákó?

Mo ní ká fi dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá "ẹ ṣáà gbà gbọ́". Mi ò sì wá àwọn tó máa fi Bíbélì ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ àlàyé tó sọ pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Mo jókòó tì í, mo to ọjọ́ mẹ́fà náà síbí, mo to àwókù ohun alààyè àtijọ́ tó wà nínú òkúta sọ́hùn-ún, wọn ò bára mu. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, igi eléso ṣáájú ẹja, ẹyẹ sì ṣáájú ẹran orí ilẹ̀. Nínú òkúta, ẹja ti wà ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí igi eléso kankan tó yọjú, ẹran tó ń rìn lórí ilẹ̀ sì ti pẹ́ kí ẹyẹ tó fò. Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

Àgbà Ìjọ

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mi ò rí ohun tó yẹ kó dà yín láàmú níbẹ̀. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 20:11. Ní ọjọ́ mẹ́fà ni Olúwa dá ọ̀run àti ayé, ó sì sinmi ní ọjọ́ keje. Òfin nìyẹn o, kì í ṣe orin, kì í ṣe àlọ́. Bí ọjọ́ mẹ́fà yẹn kì í bá ṣe ọjọ́, orí kí ni òfin ìsinmi wá dúró lé?

Ti ìmọ́lẹ̀ tí kò ní oòrùn, ẹ wo Ìfihàn 21:23. Ìlú tó ń bọ̀ kò ní nílò oòrùn tàbí òṣùpá, nítorí ògo Ọlọ́run ló ń tàn sí i. Ẹni tí kò ní lo oòrùn níkẹyìn, kí ló dé tí yóò fi nílò rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀?

Ti ọjọ́ orí ayé, ṣé Ádámù rá kòrò ni? Géńdé ló jáde. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa ní ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run lè dá ìràwọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa lójú ẹsẹ̀. Kábọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí òkúta yẹn, a ti gbọ́ pé ó máa ń ṣì í. Ohun tí sáyẹ́ǹsì bá sọ lónìí, yóò yí i padà lọ́la. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Olókùúta

Àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín sà. Kíka ọjọ́ orí òkúta ni iṣẹ́ mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé.

Kò sẹ́ni tó ń fi kábọ̀n ka ọjọ́ orí òkúta. Ohun tó ti wà láàyè rí ni kábọ̀n wà fún: igi, egungun, èédú. Kábọ̀n-14 inú wọn, ìyẹn oríṣi kábọ̀n tó máa ń yí padà di nǹkan mìíràn díẹ̀díẹ̀, máa ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún 5,730. Tó bá fi tó bí ọdún 50,000, èyí tó ṣẹ́ kù ti kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè wọ̀n dáadáa lọ. Ẹni tó bá gbé nǹkan tó dàgbà jùyẹn lọ síbẹ̀ tó wá gba ìdáhùn tó wọ́, kì í ṣe kábọ̀n ló ṣì í.

Hóró kékeré kan tí wọ́n ń pè ní zircon làwa ń wá. Nígbà tí òkúta tó yọ́ bá ń tutù, tí zircon ń dì, ó máa ń gba yuréníọ̀mù sára, ṣùgbọ́n òjé kì í fẹ́ wọ̀ ọ́. Yuréníọ̀mù yẹn á wá máa di òjé, díẹ̀díẹ̀, lọ́nà tí a lè ṣírò. Torí náà òjé tí a bá bá níbẹ̀, inú ibẹ̀ ló ti wá. Oríṣi yuréníọ̀mù méjì ló sì wà níbẹ̀, 238 àti 235, tí ìyára wọn yàtọ̀ síra gan-an: ìdajì ti 238 máa ń lọ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún, ti 235 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 700. Bíi kí aago méjì wà nínú hóró kan ni. Bí aago méjèèjì bá pe iye kan náà, a gbà á. Bí wọn ò bá bára mu, a mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣe hóró yẹn, a ò sì ní fi ọkàn tán an. Àwọn tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n rí ní Jack Hills ní Ọsirélíà, tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.4 ọdún.

Ẹ ní sáyẹ́ǹsì máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Òótọ́ ni, nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Àmọ́ ọdún 1956 ni Clair Patterson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi òjé inú òkúta tó já láti ojú ọ̀run ṣírò ọjọ́ orí ayé, ó ní bílíọ̀nù 4.55 ọdún. Látìgbà náà, a ò tíì rìn jìnnà sí iye yẹn.

Bí ẹ ò bá tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ yuréníọ̀mù sétí, ẹ wo adágún Suigetsu ní Japan. Lọ́dọọdún, ìpele tín-ín-rín méjì máa ń balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi náà, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan dúdú. Ewé tó já sómi há sáàárín wọn. Àwọn kan jókòó, wọ́n ń ka ìpele. Àwọn mìíràn fi kábọ̀n wọn ewé. Bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ń bára wọn rìn, wọ́n kọjá 6,000 ọdún, wọ́n sì ń lọ títí dé nǹkan bí 50,000. Kò sí ohun tó so iye ìpele inú ẹrẹ̀ mọ́ kábọ̀n inú ewé, àfi ọdún tó kọjá lórí àwọn méjèèjì.

Ti Ádámù tó jáde ní géńdé, mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, torí òun ló le jù nínú ohun tí ẹ sọ. Géńdé ò ṣòroó gbà. Ṣùgbọ́n ká ní Ádámù ní àpá lórúnkún, àpá ìgbà tó ṣubú ní ọmọ ọdún méje ńkọ́? Ohun tí a ń rí lójú ọ̀run nìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1987, ìràwọ̀ kan bú gbàù lójú wa. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin nǹkan bí ọdún 168,000 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kìlómítà 300,000 ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀run bá jẹ́ ọmọ ọdún 6,000, a jẹ́ pé ìràwọ̀ yẹn ò bú rí, kò tiẹ̀ sí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwòrán lásán ni Ọlọ́run fi sójú ọ̀nà. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa Ọlọ́run tí Títù 1:2 ní kò lè purọ́.

Olùkọ́, ó kàn yín. Ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe ìbéèrè sáyẹ́ǹsì, ó dàgbà ju sáyẹ́ǹsì òde òní lọ. Origen, olùkọ́ Kristẹni àtijọ́, ti bi í ní ọ̀rúndún kẹta: ta ló gbọ́n tó máa rò pé ọjọ́ mẹ́ta kọjá láìsí oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, tó kú ní 430, padà sórí Jẹ́nẹ́sísì léraléra nínú ìwé rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ọlọ́run dá ohun gbogbo, ọjọ́ mẹ́fà sì jẹ́ ọ̀nà láti tò ó kó lè yé wa. Ó tún kìlọ̀ pé ìtìjú ni kí aláìgbàgbọ́ tó mọ̀ nípa ìràwọ̀ gbọ́ Kristẹni tó ń sọ ìsọkúsọ nípa rẹ̀, tó sì ń fi Ìwé Mímọ́ tì í lẹ́yìn. Kò sí awò ìràwọ̀ nígbà náà, wọn ò sì tíì bí Darwin tó kọ́ni pé ohun alààyè ń yí padà láti ìran dé ìran. Inú ọ̀rọ̀ Bíbélì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti rí i.

Ẹ ní kí àwọn ọmọ to ọjọ́ mẹ́fà náà ní ọ̀wọ́ méjì. Ọjọ́ kìíní: ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹrin: ohun tó ń ṣe àkóso ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì: òfurufú àti omi. Ọjọ́ karùn-ún: ẹyẹ àti ẹja. Ọjọ́ kẹta: ilẹ̀ gbígbẹ. Ọjọ́ kẹfà: ẹranko àti ènìyàn. Ilé ni ó kọ́kọ́ ń pín, ó wá ń fi onílé sí i. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé oòrùn ló ń mú ọ̀sán wá, ta ni kò mọ̀? Ó mọ̀ọ́mọ̀ tì í sọ́jọ́ kẹrin ni, kò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀, "ìmọ́lẹ̀ ńlá" ló pè é. Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Ísírẹ́lì ká ń bọ oòrùn àti òṣùpá. Níbí, wọ́n di àtùpà tí Ọlọ́run gbé kọ́. Èyí ló ń jà fún. Kò jà fún iye ọdún rárá.

Kí Ìmọ́lẹ̀ Wà

Ẹ̀yin ará, kí la wá ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí? Big Bang, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ tí sáyẹ́ǹsì ní àgbáálá ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, òun gan-an ni "kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà"! Sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá Bíbélì níbẹ̀ ni. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ gbàdúrà ìparí.

Ìyá Olókùúta

Ẹ rọra o. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀, àlùfáà Kátólíìkì ni: Georges Lemaître, ará Belgium. Ní 1927 ló kọ ọ́ pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i, ní 1931 ló sọ pé bí átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá ń fi irú ìmọ̀ yìí ti ìṣẹ̀dá lẹ́yìn ní 1951, inú Lemaître fúnra rẹ̀ ò dùn sí i. Ó ní ìṣirò òun ò bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jà, kò sì gbè é. Èmi náà ò ní so wọ́n pọ̀. Ohun tí ẹ bá so mọ́ ìṣirò kan, ọjọ́ tí ìṣirò yẹn bá yí, ó ń yí nìyẹn.

Olùkọ́ Físíìsì

Mo dúpẹ́ gan-an. Ọ̀wọ́ méjì yẹn, ó dà bíi pé mi ò ka orí kìíní rí.

Àmọ́ mo mọ ibi tí wọ́n máa gbà yọ sí mi. Róòmù 5:12: nípasẹ̀ ènìyàn kan ni ẹ̀ṣẹ̀ wọ ayé, àti ikú nípa ẹ̀ṣẹ̀. Òkúta yín sì kún fún òkú ẹranko tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ká tó gbọ́ orúkọ ènìyàn.

Ìyá Olókùúta

Ibẹ̀ ló ti ń dunni. Àwọn kan máa ń fò ó, mi ò ní fò ó.

Ẹsẹ yẹn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ikú kọjá sórí ènìyàn gbogbo. Kò dárúkọ ẹja tàbí ẹranko. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 2:17 náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá jẹ ẹ́ ni wọ́n máa kú, síbẹ̀ Ádámù lo ọdún 930. Torí náà ikú kan wà níbẹ̀ tó ju kí èémí pin lọ. Ìyẹn tó mi fún ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko.

Ti Ádámù fúnra rẹ̀ ló kù. DNA wa, ìyẹn ohun àjogúnbá tó wà nínú ara wa, ń fi hàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn baba ńlá wa, wọn ò já sí méjì péré nígbà kankan láti ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan wá ní Ọlọ́run yan Ádámù gẹ́gẹ́ bí olórí láàárín ọ̀pọ̀, wọ́n á ní kí ẹ wo Kéènì: ta ló ń bà á lẹ́rù pé yóò pa òun, ta ló sì kọ́ ìlú fún? Àwọn mìíràn ní Ádámù ni gbogbo wa. Ti àkọ́kọ́ sún mọ́ ohun tí mo lè gbà, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń hun mí.

Àgbà Ìjọ

Ìyá Olókùúta, ti kábọ̀n, mo gbọ́. Ti ìràwọ̀ tó bú yẹn, ẹ jẹ́ kí n lọ sùn lé e. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀, ẹ ò tíì fèsì Ẹ́kísódù 20.

Ìyá Olókùúta

Ẹ ṣe é tí ẹ rán mi létí, sà. Ẹ jẹ́ ká ka Ẹ́kísódù 31:17 mọ́ ọn. Ibẹ̀ ní Ọlọ́run sinmi ní ọjọ́ keje, ara sì tù ú. Aísáyà 40:28 sì ní kì í rẹ̀ ẹ́. Tí a bá lè gbà pé "ara tù ú" jẹ́ bí a ṣe ń fi Ọlọ́run wé òṣìṣẹ́ tó ń sinmi, kí ni kò ní jẹ́ ká gba ọjọ́ mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú gbólóhùn kan náà?

Àgbà Ìjọ

Ẹ gbọ́n. Mi ò tíì gbà o.

Olùkọ́ Físíìsì

Ọ̀wọ́ méjì yẹn ni màá fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, màá ní kí wọ́n ka orí kejì, kí wọ́n kọ ohun tó ṣáájú láàárín ẹranko àti ọkùnrin níbẹ̀, kí wọ́n fi wé orí kìíní. Róòmù 5 di ọ̀sẹ̀ mìíràn, kí gbogbo ẹ̀ má baà dàrú mọ́ra. Ẹni tó bá ní àwòrán zircon tó mọ́ dáadáa, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé.