Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ wívìn ní kí n san gbogbo owó kó tó gbé e lọ sí páàkì

Ìyá_Àdùkẹ́_Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aránṣọ ni mí ní Kubwa, ní Àbújá. Wívìn mi, ẹ̀rọ tí mo fi ń di etí aṣọ, ti ń já òwú láti ìgbà Iléyá, bẹ́ẹ̀ mo ti gba aṣọ ẹbí ogójì lọ́wọ́ ìyàwó ojú ọ̀nà kan. Ni mo bá rí ẹnì kan lórí Instagram tó ń ta èyí tó ń gba òwú mẹ́rin ní ₦145,000. Ní ọjà Wuse, ₦280,000 ni wọ́n pè é fún mi; mo ná an títí, ₦265,000 ni wọ́n dúró sí. Ọ̀gbẹ́ni náà ní Kano lòun wà, pé tí mo bá ti sanwó pé, òun á gbé e fún awakọ̀, á dé páàkì Utako lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí n san ìdajì ná, ó ní ẹlòmíì ti fẹ́ gbé e. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kò bá orúkọ ṣọ́ọ̀bù mu. Ó ní ti àbúrò ìyàwó òun ni. Bàbá Àdùkẹ́ ní n kò gbọ́dọ̀ dán an wò, àmọ́ ọkàn mi ti lọ síbẹ̀. Báwo lẹ ti rí i sí?

Alhaji_Sabon_Gari
Ìyá Àdùkẹ́, Kano níbí ni mo wà. Ẹ má bá a jiyàn rárá. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Sabon Gari fẹ́ wá fi ẹ̀rọ náà rán àkísà wò lónìí. Ẹ ní kó fún yín ní àdírẹ́sì.

Atúnfóònùṣe_Banex
Màmá, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n báyìí gan-an ni wọ́n ṣe gba ₦62,000 lọ́wọ́ mi. Mo ti sanwó sikirín fóònù mẹ́ta. Láago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní awakọ̀ pè mí pé wọ́n ti dá òun dúró ní Kaduna, kí n fi ₦15,000 ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́! Èèyàn kì í fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ṣòfò. Ẹ fi Google Lens wo fọ́tò ẹ̀rọ yẹn; tẹ́ ẹ bá bá a ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sá. Tó bá ní òun forúkọ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹ lè wò ó lórí ìkànnì wọn, àmọ́ olè pàápàá lè forúkọ sílẹ̀ o. Tí owó bá sì ti lọ, báńkì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ sí àkáǹtì míì. Èmi dúró di ọjọ́ kejì, àkáǹtì ti gbófo.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Mararaba
Èmi, àfi kí ẹrù dé kí n tó sanwó. Tí ẹni tó gbé e wá bá ní n kò gbọ́dọ̀ ṣí páálí, kó máa gbé e padà. Ìrọ̀rí ọmọdé ni àǹtí mi bá nínú páálí blẹ́ńdà.

Ìyá_Àdùkẹ́_Kubwa
Mo ti pè é o. Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀gbọ́n báyìí, ó ní wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó tún gbé fọ́tò kan náà síta, ₦140,000! Alhaji, ẹ ṣé gan-an, ẹ ti di ẹ̀gbọ́n mi tipátipá. Ó wá ku aṣọ ẹbí: ta ló mọ ẹni tó ń tún wívìn ṣe, tó lè dé Kubwa kó tó di Sátidé?