Páànù ẹ̀yìn dísíìkì búréèkì: ṣé dandan ni kó wà níbẹ̀?

Awakọ̀Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Corolla 2005 ni ọkọ̀ náà. Páànù pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn dísíìkì (irin róbótó tí búréèkì ń fún mú) iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ń ha dísíìkì, ariwo rẹ̀ sì ń dun etí. Mẹkáníìkì ní ká gé e dànù, pé kò wúlò fún nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni?

BàbáKálípà:
Ọkọ̀ á rìn, búréèkì á sì mú. Ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni dísíìkì ní. Ríìmù ń bo ojú ìta díẹ̀. Ní ti ojú inú, páànù yẹn nìkan ló wà láàárín òun àti ẹrẹ̀. Ẹ yọ ọ́, àgbàrá àti iyanrìn tí táyà ń ta sókè á máa bá ojú inú tààrà. Iyanrìn á há sáàárín páàdì (èyí tó ń fún dísíìkì mú) àti dísíìkì, á máa lọ̀ wọ́n bí ọlọ. Tó bá yá, páàdì inú á tán nígbà tí ti ìta ṣì nípọn, ojú dísíìkì á sì di ìlà-ìlà. (Kí ẹ tó dá páànù lẹ́bi, ẹ wo pín-ìnnì kálípà o, ìyẹn irin tí kálípà tó ń ti páàdì mọ́ dísíìkì fi ń yọ̀ síwá sẹ́yìn. Bí kò bá yọ̀ mọ́, páàdì inú náà ló máa kọ́kọ́ tán.)

Ooru ńkọ́? Téèyàn bá ń tẹ búréèkì léraléra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, dísíìkì lè gbóná kọjá 300°C. Rọ́bà bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ti orí táí-rọ́ọ̀dù àti wáyà ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há téèyàn bá tẹ búréèkì) ò jìnnà sí i rárá. Rọ́bà tí ooru ń yan lójoojúmọ́ á gan, á là, gírísì á dà nù, omi á wọlé.

ỌmọLádípọ̀:
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọkọ̀ eré ìje máa ń yọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ họ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń darí atẹ́gùn sí dísíìkì, wọ́n sì ń tú gbogbo rẹ̀ wò lemọ́lemọ́. Ọkọ̀ tó ń gba inú ihò títì kọ́ nìyẹn.

Awakọ̀, kí ẹ tó gé nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló há síbẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, nígbà mìíràn á já bọ́. Bí kò bá já, ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi irin tó lágbára tì í nísàlẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ yọ táyà, ẹ fi béléèdì ayùn irin gbá àárín páànù àti dísíìkì yí ká. Tó bá jẹ́ pé páànù ló tẹ̀, ọwọ́ lásán tó láti fà á sẹ́yìn. Kò sí ohun tí òòlù ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e rárá. Nínú Highlander tàbí Lexus RX, bàtà búréèkì ọwọ́ wà nínú dísíìkì ẹ̀yìn, ara páànù yẹn ni pín-ìnnì tó dì í mú sì wà. Bí páànù bá jẹrà, bàtà á tú sínú dísíìkì.

Awakọ̀Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Ìpẹtà ti jẹ ihò nọ́ọ̀tì méjì lára páànù náà, kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Ṣé a lè pààrọ̀ rẹ̀ láì fọwọ́ kan bẹ́rìn?

BàbáKálípà:
Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ fa họ́ọ̀bù (ibi tí dísíìkì àti táyà ń dì mọ́) jáde, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni páànù jókòó sí. Nínú Corolla yìí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ bẹ́rìn wọlé, bí wọ́n bá sì fà á, ó sábà máa ń bàjẹ́. Bí bẹ́rìn bá ti ń hó, ẹ ṣe méjèèjì pọ̀.

Bí kò bá tíì hó, ẹ ra páànù tòkunbọ̀ ti ọwọ́ ọ̀tún gan-an, torí ti òsì kò bá a mu. Ẹ tú kálípà, ẹ fi wáyà so ó rọ̀, kó má fi họ́ọ̀sì búréèkì rọ̀. Ẹ yọ dísíìkì. Ẹ ó rí i pé páànù tòkunbọ̀ náà ní àlàfo níbi tí kálípà ń gbà. Láti ihò àárín sí àlàfo yẹn ni kí ẹ gé, ibẹ̀ ló kúrú jù. Ẹ ya ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ẹ ti í kọjá họ́ọ̀bù, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ kun ojú tí ẹ gé lọ́dà, ẹ wá dì í.

Ẹ fi ọwọ́ yí dísíìkì ní àyípo kan kí táyà tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí àyè tó wà láàárín páànù àti dísíìkì tó mílímítà 3 yí ká. Ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà le dé 103 Nm.