Mápù ẹ́ńjìnnì wo ni kí n fi sínú ọkọ̀ WRX mi?
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Subaru WRX 2015 ni mò ń wà ní Houston, onítọ́bò, ẹ́ńjìnnì FA20. Sàlẹ́ńsà àti páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ nìkan ni mo pààrọ̀. Ṣé kí n ra mápù àṣesílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì (ètò tó ń sọ fún un bó ṣe máa pín epo àti iná), àbí kí n wá ẹni tó máa ṣe tèmi lọ́tọ̀? Páìpù tó fẹ̀ jù máa ń ṣi sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ lọ́nà: epo lè má tó, kí ẹ́ńjìnnì sì máa kan gbàgbà. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù; eré àsápajúdé kọ́ ni mò ń wá. Epo ọ́kítéènì 93 (òǹkà bí epo ṣe ń dènà kíkan gbàgbà tó) ni mò ń rà níbí, àmọ́ 91 ni mo máa ń bá ní California. Ṣé mápù kan lè gba méjèèjì?