"Kíki" kì í ṣe iye hóró

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́ dábàá pé kí "kíki" dúró fún bí hóró ṣe pọ̀ tó nínú omi, kí "fífà" sì dúró fún bí omi náà ṣe ń lọ́ra ṣàn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ n kò lè gbà á.

Epo pupa tí a sẹ́ dáadáa kò ní hóró nínú, síbẹ̀ ta ni kò mọ̀ pé ó ki ju omi lọ? Kò sì fà. Ilá ló ń fà, iyán tó gúnná náà a máa fà.

Iyọ̀ gan-an ló tú ọ̀rọ̀ yìí fó. Ẹ wo omi tí hóró ike wẹ́wẹ́ léfòó sínú rẹ̀, tí kì í di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Iná mànàmáná oríṣi kan náà ló wà lára àwọn hóró wọ̀nyí, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn. Níbi tí iyọ̀ ò bá sí, títì náà a máa dé ọ̀nà jíjìn, omi a sì ki. Bí a bá bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, á ṣàn wọ́ọ́rọ́. Iyọ̀ tó bá di ìlọ́po 100 á sọ ibi tí títì náà ń dé di ìdá kan nínú 10. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, àwọn hóró á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á há omi mọ́ àárín, á tún ki. Hóró kan kò lé, ọ̀kan kò dín! Tí a bá gba àbá yẹn, a ó máa kọ ọ́ pé kíki omi kò yí padà, nígbà tí ojú gbogbo wa rí i pé ó ti ki.

Lóòótọ́, ìpọ̀ hóró ń fa kíki. Ìṣirò Einstein ti 1906, tó tún ṣe ní 1911, fi hàn pé bí hóró roboto bá gba 2% àyè inú omi, kíki rẹ̀ á fi 5% lé. Àmọ́ ohun tó fa nǹkan kọ́ ni nǹkan náà.

Bí hóró bá wá pọ̀ débi pé wọ́n há mọ́ra, bí amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì ń pò, a kì í ní ó ki mọ́. A ní ó le. Ohun tó ṣì ń ṣàn nìkan ló ń ki.

Àbá tèmi nìyí: "kíki" fún ìlọ́ra omi, "ìpọ̀ hóró" fún èkejì.