Rédíò àpàlà àti sákárà: ta ni kí n sanwó fún?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Yàrá kan nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń ṣe rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, àpàlà, sákárà àti wákà nìkan. Àwo tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ti họ, ṣùgbọ́n ohùn ṣì ń jáde.

Ẹ̀tọ́ olórin ló ń dà mí láàmú. Haruna Ishola, ọmọ ìlú wa, ti kú láti 1983, Yusuf Olatunji láti 1978. Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn ni kí n lọ ni, àbí kí n gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin? Mi ò fẹ́ fi iṣẹ́ wọn jẹun kí àwọn ọmọ wọn máa wò mí.

Iná ọba náà ò dúró. Ẹni tó bá ń lo sólà, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì mélòó ló lè gbé kọ̀ǹpútà kan di ìdájí?