Ìjà Láàbù àti Wọ́ọ̀dù: Báwo Lẹ Ṣe Parí Tiyín Níbi Iṣẹ́?

Òṣìṣẹ́ láàbù, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Láàbù ọsibítù ìjọba kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará wọ́ọ̀dù ní a máa ń dá èsì àyẹ̀wò dúró. Àwa ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá kì í dára. Ẹni tó bá mọ bó ṣe rí láàárín àwọn dókítà àti àwa yòókù mọ̀ pé ìjà náà kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ nìkan. Orí CONMESS, ìlànà owó oṣù àwọn dókítà, ni owó oṣù tiwọn wà, tiwa wà lórí CONHESS, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù, nígbà tí JOHESU (àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà) sì dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2018, ọ̀rọ̀ tí a sọ síra wa kò tíì tán nínú àwọn kan.

Lọ́jọ́ kan, dókítà kékeré kan gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún àyẹ̀wò potassium, èròjà kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ yí i tán, omi orí rẹ̀ pọ́n, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti fọ́. Potassium inú sẹ́ẹ̀lì á ti tú síta, iye tí ẹ̀rọ máa gbé jáde á sì ga ju ohun tó wà lára aláìsàn lọ. Ọ̀gá wa ní kó lọ fa òmíràn. Ló bá fárígá: "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ ni?" Ariwo sọ. Àwọn tó wá gba káàdì pàápàá dìde wòran.

Mátíróònù wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ló dá sí i. Kò pe ìpàdé (mo fẹ́ràn ìyẹn, torí tíì àti mítípáì ni ìpàdé ọsibítù máa ń já sí). Ó ní kí dókítà yẹn wá jókòó ti wa ní láàbù láàárọ̀, kí ẹnì kan nínú wa sì lọ sí wọ́ọ̀dù. Èmi ni wọ́n rán. Mo bá dókítà kan ṣoṣo tí èrò kún iwájú rẹ̀, tó ń fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ gba ẹnu abẹ́rẹ́ wọ inú ìgò kó lè tètè kan ẹlòmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́! Kó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu síríńjì, kó rọra da ẹ̀jẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà tó jókòó tì wá náà rí i pé ẹ̀rọ wa kò ju ẹyọ kan lọ, àti pé bí iná bá lọ, a ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Ìwé ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù báyìí. Ẹni tó gbé ẹ̀jẹ̀ wá á kọ aago tó dé, a ó kọ aago tí èsì jáde. Èyí tí a bá kọ̀, a ó kọ ìdí rẹ̀. Ẹjọ́ tí ìwé yẹn ti bá wa parí pọ̀ ju ti ọ̀gá lọ.

Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ tiwa. Bí ìgò bá tán ní wọ́ọ̀dù, ta ni ẹbí aláìsàn ń bínú sí? Níbi iṣẹ́ wa, ẹnì kan da ẹ̀jẹ̀ láti inú ìgò olómorí elésè àlùkò kún ti olómorí pupa, torí kò fẹ́ gún ọmọdé lẹ́ẹ̀kejì. EDTA (èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) tó wà nínú ìgò àkọ́kọ́ gbé potassium sókè, ó já calcium wálẹ̀. Láàbù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí fóònù. Obìnrin kan níbẹ̀ ló tún un ṣe. Òun ló máa ń pè: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba òmíràn, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé." Ó tún lẹ àwòrán àwọn ìgò mọ́ ògiri wa. Ìwé tẹ́ ẹ sọ yẹn, a gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀sùn ni wọ́n fi ń kọ síra wọn.

Télọ̀, Òṣogbo

Tèmi ò ní dókítà nínú o. Agéṣọ àti àwọn aránṣọ ló ń jà ní ṣọ́ọ̀bù wa, pàápàá lásìkò aṣọ ẹbí. Bí búbà bá fún, oníkálùkù á na ìka sí ẹnìkejì. Ọ̀gá ní kí agéṣọ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n sínú aṣọ, kí aránṣọ sì wọ̀n ọ́n kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Bí aṣọ bá bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn ló máa san án. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.